Ìmísí Kò Dìgbà Tó O Bá Dé Kẹ́ńyà: Ìdáhùn fún Ayàwòrán Ẹyẹ Kan n'Ìbàdàn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ìbàdàn ni mò ń gbé, ó sì ti tó bí ọdún méjì tí mo ti ń ya àwòrán ẹyẹ, igi àti odò. Kámẹ́rà mi kì í ṣe ti olówó ńlá, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n lò dáadáa. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé bí mo bá to àwòrán mi pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn, èmi gan-an kò lè tọ́ka sí tèmi. Ó mọ́, àwọ̀ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan. Níbo ni ẹ̀yin ti ń rí ìmísí? Báwo lẹ ṣe ń mọ ohun tí ẹ fẹ́ yà kí ẹ tó kúrò nílé? Mo ń tọ́jú owó láti lọ sí Kẹ́ńyà. Ṣé ìyẹn ló máa là mí lójú?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, mo kí ọ, mo sì dúpẹ́ pé o kò bi mí léèrè irú kámẹ́rà tí mo ń lò. Èrò mi nìyí kí n tó máa ṣàlàyé: àwòrán rẹ jọ ti gbogbo ènìyàn nítorí pé ohun tí o mọ̀ nípa ẹyẹ tí o ń yà kò tíì ju ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ lọ. Ẹni tó mọ̀ pé ẹyẹ kan lẹ́wà, àwòrán ẹyẹ tó lẹ́wà ni yóò yà. Ẹni tó mọ̀ pé ẹyẹ yẹn kan náà tú ilé rẹ̀ palẹ̀ láàárọ̀ nítorí pé kò sí abo tó gbà á, àwòrán mìíràn ni yóò gbé wálé. Kámẹ́rà wọn lè má yàtọ̀ rárá. Ibi tí ìmísí tèmi ti ń wá nìyẹn: kí n mọ nǹkan kékeré kan dunjú, níbì kan tí mo ń padà sí léraléra, títí n ó fi ní ohun pàtó kan láti sọ nípa rẹ̀.

Jẹ́ ká mú ẹ̀gà, nítorí níbi tí ọ̀pẹ tàbí igi àgbọn bá ti wà nítòsí ilé, ẹ̀gà kì í jìnnà síbẹ̀. Aláriwo ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí. Àwòrán tí gbogbo ènìyàn sì ń yà nípa rẹ̀ ni akọ kan tó dúró lórí imọ̀ ọ̀pẹ, tí ara rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, tí orí rẹ̀ dúdú, tí ojú rẹ̀ pọ́n. Àwòrán tó dára ni. Ṣùgbọ́n wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀pẹ yẹn ní àsìkò òjò.

Akọ ló ń hun ìtẹ́. Yóò fi ẹnu gé ewé ọ̀pẹ létí díẹ̀, yóò di ibi tó gé náà mú ṣinṣin, yóò wá fò kúrò níbẹ̀, kí fífò tó fò lè ya fọ́nrán gígùn kan kúrò lára ewé náà. Òrùka kan ló máa ń kọ́kọ́ hun. Inú òrùka yìí ló ń dúró sí ní gbogbo àsìkò iṣẹ́, tó ń na ọrùn síwá sẹ́yìn, títí ògiri ilé fi yí i ká. Bí ìtẹ́ bá parí, á so rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á dorí kodò, á máa gbọn ìyẹ́ méjèèjì, á máa ké, kí abo tó ń kọjá lè yà wá wò ó. Abo á wọlé, á fi ẹnu fa ògiri náà wò, bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn á bá tirẹ̀ lọ. Ìtẹ́ tuntun ní àwọ̀ ewé tútù. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ sì ṣá. Abo kì í fẹ́ èyí tó ti gbẹ. Akọ tí ìtẹ́ rẹ̀ bá pẹ́ títí tí kò rí ẹni gbà á, òun fúnra rẹ̀ ni yóò tú u palẹ̀ tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ṣùgbọ́n bí abo bá gbà, òun ni yóò tẹ́ inú ilé náà fún ẹyin rẹ̀.

Nígbà tí o bá ti mọ èyí, má tíì gbé kámẹ́rà. Bi ara rẹ léèrè pé èwo nínú gbogbo rẹ̀ ló dùn ọ́ tàbí ló yà ọ́ lẹ́nu jù. Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ akọ náà ni? Ṣé abo tó ń fi ẹnu fa ògiri wò bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò lọ́jà? Ṣé akọ tó ń tú ilé ara rẹ̀? Ìdáhùn rẹ ni yóò yan gbogbo ohun yòókù fún ọ. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, ìwọ yóò fẹ́ kí kámẹ́rà la ojú fún 1/2000 ìṣẹ́jú àáyá péré, kí fọ́nrán ewé náà lè hàn ketekete bó ṣe ń ya. Bí ó bá jẹ́ ìpè tí akọ ń pe abo, 1/30 lè sàn jù, kí ìyẹ́ rẹ̀ fọ́nká di àwọ̀ ìyeyè lásán lábẹ́ ìtẹ́ tó dúró gbọin. Èyí tí wọ́n bá kọ́ ọ pé ó jẹ́ àbùkù nínú kíláàsì lè jẹ́ ohun tí ìtàn rẹ nílò gan-an. Bí ó bá sì jẹ́ ilé títú, o kò nílò lẹ́ǹsì gígùn púpọ̀: fi àyè sílẹ̀ nínú àwòrán kí ìtẹ́ tútù aládùúgbò rẹ̀ lè wà nínú rẹ̀, kí ẹni tó ń wò ó rí ilé tí wọ́n gbà àti ilé tí wọ́n kọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun kan wà tó ń ba àwòrán ẹ̀gà jẹ́ nílẹ̀ wa ju ohunkóhun lọ, ojú ọ̀run funfun sì ni. Ọ̀pẹ ga, ìwọ wà nísàlẹ̀, o ń na kámẹ́rà sókè, ẹyẹ á wá di òjìji dúdú níwájú ìmọ́lẹ̀ funfun. O lè fi ìmọ́lẹ̀ kún un nínú kámẹ́rà, bóyá ìwọ̀n (stop) kan tàbí kan ààbọ̀, ara ẹyẹ á yọ, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run á di òfìfo. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn ni kí n wá bí ojú èmi àti ti ẹyẹ yóò ṣe dọ́gba. Ìlú olókè ni Ìbàdàn. Lórí òkè, tàbí ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì ilé kan, o lè máa wo orí ọ̀pẹ tó wà nísàlẹ̀ òkè tààrà, ewé igi mìíràn ni yóò sì wà lẹ́yìn ẹyẹ dípò ojú ọ̀run. Kí onílé pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣàlàyé ohun tí o ń wá, fi àwòrán díẹ̀ hàn wọ́n. Àwọn ènìyàn wa kì í sábà kọ̀ bí wọ́n bá rí i pé ẹyẹ ni o ń wò, pé kì í ṣe fèrèsé ẹlòmíràn.

O béèrè bí mo ṣe ń mọ ohun tí mo fẹ́ yà kí n tó jáde. Ìjálá ló kọ́ mi. Bí àwọn ọdẹ bá ń ki ẹranko, wọn kì í sọ pé ó lẹ́wà kí wọ́n sì dákẹ́. Wọ́n á sọ bó ṣe ń rìn, ohun tó ń jẹ, bí ìrù rẹ̀ ṣe rí, ibi tó ń sùn, ohun tó máa ń ṣe bó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ìran àwọn tó jókòó sí igbó ní òru ló kó ìmọ̀ wọ̀nyẹn jọ, ẹnì kan kò lè kó gbogbo rẹ̀ jọ láàárín ọjọ́ kan. Nítorí náà, kí n tó lọ ya ẹyẹ tàbí ẹranko kan, mo máa ń gbìyànjú láti kọ oríkì tèmi fún un sínú ìwé kékeré kan. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: n kò gbọdọ̀ kọ ohun tí ojú mi kò rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, oríkì náà kì í ju ìlà méjì lọ, ó sì máa ń dùn mí láti rí bí ohun tí mo mọ̀ ṣe kéré tó. Nígbà tó bá ń gùn sí i, ìlà kọ̀ọ̀kan tí mo lè jẹ́rìí sí di àwòrán tí mo lè wá lọ. Gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú ẹyẹ kan tí o rò pé o mọ̀ dáadáa, o óò rí i.

Wo èyí tí gbogbo ọmọ Yorùbá gbọ́ rí: agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékelèéke ló lẹfun. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ti wo ẹyẹ pẹ́. Osùn ara àlùkò kì í hàn tán nígbà tó bá ká ìyẹ́ jọ sórí ẹ̀ka. Ìgbà tó bá tẹ́ ìyẹ́ láti fò ni pupa yẹn ń jáde kedere. Àwòrán àlùkò tó jókòó lè mọ́ bí ojú, síbẹ̀ kí osùn má sí nínú rẹ̀. Ti lékelèéke yàtọ̀: ẹfun rẹ̀ ni oòrùn ọ̀sán máa ń jẹ tán, tí gbogbo ìyẹ́ á di funfun pẹrẹsẹ láìsí ìlà kankan nínú. Dín ìmọ́lẹ̀ kù nínú kámẹ́rà títí ìyẹ́ ìyẹ́ yóò fi hàn, kódà bí koríko ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣókùnkùn.

Láti ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ náà ni mo ti kọ́ ìjókòó. Ọdẹ tó dẹ ègùn kì í lé ẹran kiri. Ó ti mọ igi tí èso rẹ̀ ń já, ó mọ ọ̀nà tí ẹran ń gbà wá síbẹ̀, ó ti wà lórí igi kí ẹran tó dé, ó sì jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹran. Ní ti ẹyẹ, òórùn rẹ kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀, ìrìn rẹ ló ń lé e. Jókòó sábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ tó ń so, má mira, wọ aṣọ tí kò tàn, kí o sì jẹ́ kí wákàtí kan kọjá. Lákọ̀ọ́kọ́, igbó á dákẹ́ nítorí rẹ. Lẹ́yìn náà yóò gbàgbé rẹ. Ohun tí mo ń wá kì í bẹ̀rẹ̀ títí di ìgbà tí igbó bá gbàgbé mi, ọ̀pọ̀ ayàwòrán sì ti ń ká tripod wọn, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé kámẹ́rà lé, ní àkókò yẹn. Èyí ṣe pàtàkì pẹ̀lú: jẹ́ kí àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ àdúgbò mọ̀ pé o wà nínú igbó, má sì dá lọ. Ìbọn kò mọ ayàwòrán yàtọ̀.

Kò sí ẹni tí ìtàn rẹ̀ fi ohun tí mò ń sọ yìí hàn kedere bí Ansel Adams, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tó kọ́kọ́ dé Yosemite ní California lọ́dún 1916, ó sì ń padà lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 1927, ó gun òkè níbẹ̀ pẹ̀lú àwo gíláàsì 12 tó fẹ́ fi ya àwòrán. Nígbà tó dé iwájú àpáta ńlá tí wọ́n ń pè ní Half Dome, ó ku méjì. Ó fi fílítà aláwọ̀ ìyeyè, ìyẹn gíláàsì tó ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀, síwájú lẹ́ǹsì, ó ya ọ̀kan. Ó wá rí i lọ́kàn rẹ̀ pé àpáta náà yóò jáde bó ṣe rí, ṣùgbọ́n kò ní jáde bó ṣe ń dẹ́rù ba òun. Ó bọ́ fílítà yẹn, ó fi èyí tó pupa gan-an sí i, ó sì fi àwo tó kẹ́yìn ya òmíràn. Fílítà pupa yìí ló sọ ojú ọ̀run di dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́fẹ́rẹ̀, tí àpáta fi yọ gàǹgà. Àwọn ènìyàn máa ń sọ ìtàn yìí nítorí fílítà. Èmi ń sọ ọ́ nítorí ọdún 11 tó wà láàárín 1916 àti 1927. Ó mọ àpáta náà tó láti mọ̀ pé àwòrán tó tọ̀nà ti pàdánù nǹkan kan.

Jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìwé àwọn ará òkè òkun ti ń ṣi ọ̀pọ̀ yín lọ́nà. Wọ́n á sọ fún ọ pé o ní wákàtí kan lẹ́yìn tí oòrùn bá yọ, tí gbogbo nǹkan fi ní àwọ̀ wúrà. Lọ́dọ̀ wọn, òótọ́ ni, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí oòrùn wọn máa ń yọ ní ẹ̀gbẹ̀ẹ́gbẹ́. Tiwa ń gòkè tààrà. Ní Ìbàdàn, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 péré ni ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ wúrà yẹn yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán á wà ní ṣangba orí wa, tí òjìji ènìyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń jí lẹ́yìn tí oòrùn ti yọ ti pàdánù òwúrọ̀ náà. O gbọ́dọ̀ wà níbi iṣẹ́ rẹ nígbà tí ilẹ̀ ṣì dúdú, kí o ti yan ibi ìdúró rẹ ní ọjọ́ tó ṣáájú.

Àmọ́ má jẹ́ kí wúrà gba gbogbo ọkàn rẹ. Inú igbó wa, ọjọ́ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run ló dára jù. Bí oòrùn bá ràn nínú igbó, ilẹ̀ á rí kàlákàlà, funfun níbí, dúdú lọ́hùn-ún, kámẹ́rà kò sì lè gbé méjèèjì pọ̀ bí ojú rẹ ṣe ń gbé e. Lẹ́yìn òjò, tí ewé ṣì tutù, tí ojú ọ̀run ṣì ṣú, àwọ̀ ewé oríṣiríṣi tí o kò rí rí ni yóò jáde. Fílítà polarizer ló yẹ kí o kọ́kọ́ ná owó lé lórí kí o tó ronú lẹ́ǹsì tuntun, nítorí ó ń bọ́ dídán omi kúrò lójú ewé, kí àwọ̀ ewé fúnra rẹ̀ lè yọ.

Ọyẹ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ayàwòrán máa ń kó kámẹ́rà pamọ́ nígbà ọyẹ́ nítorí eruku, mo sì gbà pé kí o fi ọ̀rá wé e dáadáa. Ṣùgbọ́n eruku yẹn, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ Bodélé ní Chad wá, ń fún wa ní ohun tí kò sí ní àsìkò òjò. Ó ń bu ojú oòrùn kù débi pé o lè yà á pẹ̀lú igi níwájú rẹ̀. Ní àwọn òkè Ìdànrè, ọyẹ́ á pín àpáta sí ìpele ìpele: èyí tó sún mọ́ ọ dúdú, èyí tó tẹ̀lé e rọ díẹ̀, èyí tó jìnnà jù fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Adìrẹ ló là mí lójú sí irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Fi aṣọ adìrẹ ẹlẹ́kọ àtijọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ, bóyá Ìbàdàndùn tàbí Olókun, kí o sì wò ó fún ìgbà pípẹ́. Aró nìkan ni wọ́n ní, òkùnkùn rẹ̀ àti mímọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ojú kì í sú aṣọ náà. Àwọn ìyá tó fi ìyẹ́ adìyẹ ya ewé, ẹyẹ àti omi sára aṣọ yẹn mọ ibi tó yẹ kí àyè ṣófo wà. Mo ti kọ́ bí a ṣe ń to àwòrán lára adìrẹ ju lára fótò lọ.

Nígbà mìíràn, ìmísí máa ń wá láti inú òtítọ́ kan ṣoṣo tí èèyàn kà tàbí gbọ́. Ó ṣeé ṣe kí o ti rí àwọn àdán inú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, bí wọ́n ṣe ń rọ̀ dirodiro sórí igi lọ́sàn-án, tí ojú ọ̀run sì ń kún fún wọn bí ilẹ̀ bá ṣú. Òwe wa ní àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ. Àwòrán tí gbogbo ènìyàn ń yà ni ọ̀pọ̀ àdán lójú ọ̀run, ó sì ń dẹ́rù bani díẹ̀. Ṣùgbọ́n irú àdán yìí wà lára àwọn tó ń gbé hóró ìrókò kiri, tí wọ́n ń dà á sílẹ̀ níbi tó jìnnà sí igi ìyá rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, n kò lè ya àdán mọ́ kí n má wá igi sí àwòrán náà. Mo máa ń gbé kámẹ́rà sórí tripod lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀, ní 1/15 tàbí kó tilẹ̀ lọ́ra jù bẹ́ẹ̀, kí igi dúró digbí, kí àwọn àdán sì di ìlà tó ń jáde láti ara rẹ̀. Èmi kì í lo fíláàṣì níbi tí wọ́n ń sùn, n kò sì fẹ́ kí o lò ó.

Ní ti Kẹ́ńyà: ilẹ̀ tó dára ni, bí ọ̀nà bá là fún ọ lọ́jọ́ kan, lọ. Ṣùgbọ́n kò ní wo ohun tó ń ṣe ọ́ sàn. Ibẹ̀ ni wàá ti rí kìnnìún tí ọkọ̀ mẹ́wàá yí ká, tí ẹni kọ̀ọ̀kan sì ń ya àwòrán kan náà. Erin wọn dúró ní gbangba lórí pápá. Erin tiwa, àwọn díẹ̀ tó ṣẹ́kù sí igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, inú igbó kìjikìji ni wọ́n ń rìn. Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, síbẹ̀ ipasẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa rí ní Ọmọ. Lójú tèmi, àwòrán ipasẹ̀ erin tí omi òjò kún inú rẹ̀, tí ojú ewé ń hàn nínú omi náà, sọ òtítọ́ nípa erin ilẹ̀ Yorùbá ju ojú erin gbàǹgbà lọ.

Ìwọ tí o tilẹ̀ wà n'Ìbàdàn, ẹyẹ kan wà tí àwọn onímọ̀ fi orúkọ ìlú rẹ pè, Malimbus ibadanensis. Mọ̀lẹ́bí ẹ̀gà ni. Dúdú ni, pupa wà lórí àti láyà rẹ̀, gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n ní gbogbo ayé. Ọdún 1958 ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ó sì wà lára àwọn tó wà nínú ewu àkúrun báyìí. Igbó tó wà nínú ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn, tó lé ní 300 hẹ́kítà, wà lára àwọn ibi tó ṣì ń gbé. Àwọn awòyẹ ń wọ bàálù láti òkè òkun wá wò ó. O lè wọ mọ́tò débẹ̀. Kọ̀wé gba àṣẹ, kí o sì lọ, kí o tún lọ.

Bí o bá rí i, tàbí bí o bá rí odíderẹ́ nínú igbó, ṣọ́ra fún ohun tí o ń gbé síta. Láti ọdún 2017 ni òfin CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, ti fi òwò odíderẹ́ inú igbó láàárín orílẹ̀-èdè sí ìpele èèwọ̀ tó le jù, nítorí wọ́n ti kó o tán ní ọ̀pọ̀ ibi. Fóònù rẹ máa ń fi ibi tí o ti ya àwòrán pamọ́ sínú rẹ̀, pa á. Má kọ orúkọ igi tàbí ọ̀nà. Má fa ewé kúrò níwájú ìtẹ́ kí o lè rí ọmọ ẹyẹ dáadáa, nítorí ewé yẹn ni òjìji wọn, òun náà ló ń fi wọ́n pamọ́ fún àṣá. Má máa fi fóònù gbé ohùn ẹyẹ jáde láti tàn wọ́n wá ní àsìkò ìyẹ́yin. N kò fara mọ́ àwòrán tí ẹyẹ fi ẹyin rẹ̀ san owó rẹ̀, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Bákan náà ni ti igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ibi ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Èèwọ̀ tó wà lórí pípa ẹran àti gígé igi níbẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí igbó náà ṣì dúró nígbà tí oko àti ilé ti jẹ igbó yòókù run. Ilé ìjọsìn ni. Béèrè ibi tí kámẹ́rà kò gbọdọ̀ dé, béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bọ Ọ̀ṣun, kì í ṣe lọ́wọ́ oníwèé ìwọlé nìkan. Bí wọ́n bá sì ní kí o gbé e sílẹ̀, gbé e sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Tí o bá wà níbẹ̀, ya omi náà. Ìwakùsà góòlù lápá òkè odò ti mú kí omi Ọ̀ṣun pọ́n, kó sì dọ̀tí. Dúró síbì kan náà létí odò lóṣooṣù, lẹ́ǹsì kan náà, wákàtí kan náà, kí o sì kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Má fi kọ̀ǹpútà tún àwọ̀ omi yẹn ṣe. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í gba ìyìn púpọ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ púpọ̀, nítorí yóò jẹ́ ẹ̀rí fún àwọn tí a kò tíì bí.

Nítorí náà, yan ibì kan tí o lè dé láìná owó púpọ̀: ọ̀pẹ ẹ̀gà kan, etí omi Ẹlẹ́yẹlé, tàbí igi ọ̀pọ̀tọ́ kan. Fún un ní ọdún kan, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan, lọ láìgbé kámẹ́rà, kí o mú ìwé oríkì rẹ lọ. Nínú owó Kẹ́ńyà, bù díẹ̀ tẹ àwòrán jáde sórí bébà, kí ó tóbi tó bí ìwé ìròyìn, nítorí ojú fóònù ń dá àwòrán tí kò sọ nǹkan kan sí. Tẹ́ wọn sórí tábìlì. Èyíkéyìí tó jẹ́ pé ẹlòmíràn lè yà á láìmọ ohunkóhun nípa ibẹ̀, yọ ọ́ kúrò, kódà bó bá mọ́ bí omi. Lẹ́yìn náà, gbé àwọn tó kù tọ àgbẹ̀ tàbí ọdẹ kan lọ tó mọ ibẹ̀ jù ọ́ lọ, má ṣàlàyé kankan, jẹ́ kí ó wò wọ́n. Kò ní sọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ tàbí lẹ́ǹsì. Yóò sọ pé ẹyẹ yìí kò tíì yé ẹyin, pé èyí ti rí ejò kan tí o kò rí, pé ní oṣù tó ń bọ̀ wọn kò ní sí níbẹ̀ mọ́, apá ibòmíràn ni wọn yóò wà. Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí o sì béèrè bóyá o lè bá a dé ibòmíràn yẹn.